Ìkéde Kejì

Ní ibùdókọ̀ ojú irin yẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ wàhálà. Bí màlúù bá dùbúlẹ̀ sójú irin tó kọ̀ tí kò dìde, ìdíwọ́ kékeré ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sáàárín igbó pẹ̀lú èrò tó kún inú ọkọ̀ fọ́fọ́, ìdíwọ́ kékeré náà ni. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan ṣubú lórí pèpéle tí kò dìde mọ́, tí wọ́n fi aṣọ bò ó, ohun tí ìlú gbọ́ nínú sípíkà ni pé ìdíwọ́ kékeré kan wà, kí àwọn èrò jọ̀wọ́ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìlú lára débi pé bí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná, ìyàwó ilé á ní ìdíwọ́ kékeré ló ṣẹlẹ̀, ọkọ á rẹ́rìn-ín, á sì mú sùúrù.

Obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Olóhùn. Orúkọ tí òbí sọ ọ́ ń bẹ o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi pè é níbi iṣẹ́, ó lè má tètè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ohùn náà rọ̀, ó tutù, kò ga jù, kò sì rẹlẹ̀ jù. Ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀, tó ń bú gbogbo òṣìṣẹ́ tìyátìyá, bó bá ti gbọ́ ohùn yẹn, ìbínú rẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá ibì kan jókòó sí. Yàrá gíláàsì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ni ọ́fíìsì rẹ̀. Máìkì wà níbẹ̀, tẹlifóònù wà níbẹ̀, àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti ife tíì tó máa ń tutù kí obìnrin náà tó rántí pé òun po tíì. Bọ́tìnnì kan tún wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀, kí agogo dún, kó tó la ẹnu.

Ẹni tó fẹ́ràn ohùn náà ju gbogbo ìlú lọ ni bàbá rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá yìí, iṣẹ́ tó sì ṣe dàgbà náà nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó ti ba etí rẹ̀ ọ̀tún jẹ́ pátápátá, ti òsì sì ti ń tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ kan wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó máa ń wẹ̀, tó máa ń múra bí ẹni tó ń lọ síbi pàtàkì, tó sì máa ń lọ jókòó sí gbọ̀ngàn táwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀ lókè ibùdókọ̀, lábẹ́ sípíkà gan-an. Kò rìnrìn àjò kankan. Ọmọ rẹ̀ ló wá gbọ́. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì jókòó tì í lọ́jọ́ yẹn, ó wọ gàù.

"Ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Ọmọ mi ni."

Bí onítọ̀hún bá ní òun ti gbọ́, bàbá á ní kó má tíì lọ, kó dúró kó gbọ́ èyí tó ń bọ̀, torí èyí tó ń bọ̀ máa ń dùn jù. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á tún dá ọmọ náà dúró.

"Ti ọkọ̀ ọ̀sán yẹn, o fa ìdí ọ̀rọ̀ gùn jù. Orin kọ́ lò ń kọ."

"Bàbá, ọ̀gá mi pàápàá kì í bá mi wí tó báyìí."

"Ọ̀gá ẹ ló bí ẹ ni?"

Ìyá Olóhùn ò lọ sí ibùdókọ̀ rí láti fetí sílẹ̀. Ó ní ohùn ọmọ òun ń bẹ nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Olóríkunkun ló máa ń pe ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó sì ń pè é tìfẹ́tìfẹ́, torí òótọ́ ni: bí o bá ní kó wá jẹun, ìgbà yẹn gan-an ló máa rántí pé ẹsẹ̀ tábìlì kan ń mì.

Ká tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ọ̀gá ibùdókọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèyàn burúkú ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan pariwo iná níbi tí iná ò sí, àwọn èèyàn rọ́ lu géètì, géètì kò ṣí, àbúrò rẹ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú èrò. Kò rí i láàyè mọ́. Láti ọjọ́ náà, ibi tí èèyàn bá ti pọ̀, àyà rẹ̀ á máa já. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀yin ẹ má sọ nǹkan tó máa dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ mú wọn jókòó. Èrò tó bá jókòó, ẹ lè gbà á là. Èyí tó bá dìde, ó tán." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ta ló fẹ́ bá ọkùnrin jiyàn lórí òkú àbúrò rẹ̀?

Ọjọ́ tí àwọn ilé ìwé gba ìsinmi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Ibùdókọ̀ kún. Àwọn òbí ń fa ọmọ, àwọn ọmọ ń fa báàgì, ìlà àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gùn dé ẹnu ọ̀nà. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ńlá tó lọ sókè, yàrá kan wà tí wọ́n máa ń kó àga àtijọ́ pamọ́ sí, pẹ̀lú fóòmù inú wọn àti àwọn agolo ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó mọ bí iná ṣe wọ ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan ló sáré wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá gíláàsì, ó ní èéfín ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kí Olóhùn tó dáhùn, tẹlifóònù dún. Ọ̀gá ni.

"Sọ pé ìdíwọ́ kékeré wà. Kí gbogbo èrò jókòó síbi tí wọ́n wà. Panápaná ti ń bọ̀."

"Ọ̀gá, àwọn tó wà lókè ńkọ́? Ṣé kí n má ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀?"

"Kí wọ́n rọ́ lu ara wọn lórí àtẹ̀gùn? Ṣé òkú lo fẹ́ ká máa ṣà ni? Mo bẹ̀ ọ́, sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ohùn ọ̀gá ń gbọ̀n. Olóhùn tẹ bọ́tìnnì, agogo dún, ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù ju ti ìgbàkígbà lọ, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí nǹkan bá le ni iṣẹ́ òun gan-an. "Ẹ̀yin èrò wa ọ̀wọ́n, ìdíwọ́ kékeré kan wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ fara balẹ̀. A máa tó bá yín sọ̀rọ̀." Ó dé gbogbo ibùdókọ̀, ìsàlẹ̀ àti òkè.

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, tó ń wo ìta láti inú gíláàsì.

Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ pé èrò máa ń ya wèrè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kò sẹ́ni tó sáré. Èéfín ti ń rọ́ lábẹ́ àjà, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, gbogbo wọn ló sì rí i. Ẹni tó wà lórí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì á wòkè, á wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á rí i pé onítọ̀hún kò mira, òun náà á dúró. Ẹni iwájú ọ̀hún á wẹ̀yìn, á rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn dúró, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Obìnrin kan fi etí aṣọ bo imú ọmọ rẹ̀, kò kúrò lórí ìlà. Ọkùnrin kan wúkọ́ gan-an, ó wá ní kí wọ́n má bínú. Ẹnì kan béèrè pé kí ló ń jó, wọ́n ní ṣé kò gbọ́ ni, ìdíwọ́ kékeré ni. Ó mi orí, ó sì ń ka owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Olúkúlùkù ń ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀rù bà lójú gbogbo ayé.

Olóhùn rí i kedere pé kì í ṣe pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn yìí jù, ẹ̀rù kò bà wọ́n tó ni. Ohùn òun ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Ó pe ọ̀gá, tẹlifóònù ń dún lásán. Ó tún pè. Ìgbà yẹn ló rántí pé òní ni ọjọ́ tí bàbá òun máa ń wá jókòó sókè.

Kò tẹ agogo. Ó kàn ṣí máìkì ni.

"Ẹ gbọ́ mi o! Iná ni. Kì í ṣe ìdíwọ́ kékeré, iná ń jó lábẹ́ àtẹ̀gùn ńlá. Ẹ dìde. Ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ẹ má gba ibi tẹ́ ẹ gbà wọlé, ẹ gba ẹnu ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ lápá òsì, ó ti ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ má súnmọ́ àtẹ̀gùn ńlá, ẹ gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ mú àgbà lọ́wọ́, ẹ gbé ọmọdé." Ohùn iṣẹ́ wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá mi, èmi ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má dúró de nǹkan kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀ nísinsìnyí, bàbá mi."

Àwọn èrò sì dìde. Ohun tí ọ̀gá ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí kò ṣẹlẹ̀. Alábàárù kan ju ẹrù oníbàárà sílẹ̀, ó gbé ìyá arúgbó kan pọ̀n tí kò mọ̀ rí. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wọṣọ ilé ìwé di ilẹ̀kùn mú kó má padà dé mọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n ń pariwo síra wọn, ṣùgbọ́n "ẹ rọra, aláboyún ń bọ̀" ni ariwo náà, àti "ọmọ ta nìyí, ẹ gbà á." Ẹni tó bá kọsẹ̀, wọ́n á fà á dìde. Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ àti lórí pèpéle ló jáde. Olóhùn ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí iná mànàmáná fi kú pátápátá, tí ẹ̀ṣọ́ sì wọlé wá fà á jáde.

Ó dúró lójú ọ̀nà títí panápaná fi pa iná náà. Gbogbo bàbá àgbà tó rí ló sáré lọ wo ojú rẹ̀. Àwọn kan láti òkè ti sá wálẹ̀ kí èéfín tó pọ̀, wọ́n ní àwọn kò dúró gbọ́ tẹnikẹ́ni. Àwọn tó kù, panápaná ló gbé wọn wálẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì fi aṣọ bò. Bàtà tó yọ lábẹ́ aṣọ ló fi dá bàbá rẹ̀ mọ̀. Kò síbi tí iná ti kan án, èéfín ló pa á.

Gbogbo ìlú ló gbọ́ bó ṣe ń pe bàbá rẹ̀ nínú sípíkà, ohun tí wọ́n sì ń bá wá sílé nìyẹn nígbà tí wọ́n wá kẹ́dùn. "A gbọ́ ọ, ọmọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. O pè wọ́n." Wọ́n rò pé ìtùnú ni. Ìyá rẹ̀ jókòó sáàárín wọn, kò sunkún. Ìbínú ló ń bínú. Láti ọjọ́ náà ló ti yọ ọ̀wọ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, "ó" ló ń pè é, obìnrin tí kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Ó gbọ́," ìyá á sọ. "Abẹ́ sípíkà náà ló wà. Ọmọ ẹ̀ pè é, ó ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé, òun ní òun ò ní dìde. Olóríkunkun! Èmi ló fi sílẹ̀ báyìí. Kò rò ó pé ó ní ìyàwó nílé. Ẹ má ní kí n sunkún fún un."

Àbúrò bàbá, tó wá láti ọ̀nà jíjìn, á mi orí. "Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ká lọ sọ́tùn-ún, òsì ni tiwọn." Àwọn yòókù á kẹ́dùn, ọ̀rọ̀ náà á sì bá wọn délé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bàbá káfíńtà ti di ẹni tó fi agídí pa ara rẹ̀.

Olóhùn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún jù, tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ń tu òun náà nínú díẹ̀. Bí bàbá bá gbọ́ tí kò dìde, á jẹ́ pé òun pè é lásìkò nìyẹn. Á jẹ́ pé òun ti ṣe tòun. Ojú ara rẹ̀ tì í pé ó ń rí ìsinmi nínú ẹ̀gàn bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá ibùdókọ̀ náà wá. Etí àga ló jókòó sí, kò lè wo ojú ìyá. Wọ́n gbé omi fún un, ó di ife náà mú kò mu ún. Olóhùn sìn ín dé ìta.

"Ohun tó o ṣe, òun ló dáa," ọ̀gá wí. "Èmi ni mi ò... Mo rò pé àbúrò mi ni gbogbo wọn. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà. Ọ̀gá, ìkéde kejì yẹn, ṣé ó dé òkè?"

"Ó dé."

"Ó dá yín lójú?"

"Fara balẹ̀," ọkùnrin náà wí, ó sì ń wo ilẹ̀. "Ó dé ibi gbogbo."

Ó wá yára lọ. Olóhùn dúró ní ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ti ń fi irú ọ̀rọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ fún ìlú láti ọdún tó ti pẹ́, ó sì mọ bó ṣe máa ń dún.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan ránṣẹ́ pé aránṣọ kan tí wọ́n gbé wálẹ̀ láti òkè lọ́jọ́ iná ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, ó sì ń béèrè ọmọ bàbá káfíńtà. Olóhùn lọ. Obìnrin náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Yóò tó ọjọ́ orí ìyá Olóhùn. Èéfín ti họ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ohùn rẹ̀ há.

"Ìwọ ni?" ó wí. "Tún ọ̀rọ̀ sọ kí n gbọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Èmi ni."

"Hẹn. Ìwọ ni." Ó mu omi díẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ bàbá ẹ ni mo jókòó sí. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹ kún mi létí kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Mo ti mọ ọjọ́ tó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Olóhùn fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Nígbà tó o ní ìdíwọ́ kékeré wà, a ti ń gbóòórùn nǹkan. Àwọn kan dìde. Èmi náà dìde, mo ti gbé báàgì mi. Bàbá ẹ gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní, 'Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn. Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bí nǹkan bá le, á sọ fún wa. Kò purọ́ fún mi rí.' Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ojú wọn mọ́ kedere, ẹ̀rù ò bà wọ́n rárá. Ìyẹn la rí tá a fi jókòó. Ó kù díẹ̀ kó rí bí àpèjẹ, torí wọ́n ń pa wá lẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Nígbà tí mo wá ṣe ìkéde kejì ńkọ́, mà?"

Aránṣọ náà wò ó. "Èwo ni ìkejì?"

Olóhùn ń gbọ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Sípíkà yẹn kàn dún ṣáẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni," obìnrin náà wí, "ó sì kú. Mo rò pé iná ti dé ibi tí wáyà rẹ̀ gbà. A ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èéfín wá ń pọ̀, àwa náà wá ń dààmú, bàbá ẹ ní ká dákẹ́, ká lè gbọ́. Wọ́n ní o ò ní pẹ́ sọ̀rọ̀, o ti ní o máa bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n gun orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbé etí wọn, èyí tó dáa yẹn, lé sípíkà náà. 'Ẹ dákẹ́,' wọ́n ń sọ, 'ẹ dákẹ́, ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀.' Ibẹ̀ ni mo rí wọn sí kẹ́yìn."

Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì nu ojú rẹ̀.

"Mo bínú sí wọn, mi ò ní tàn ẹ́. Mo bínú sí ìwọ náà. Ẹni tó jókòó lápá kejì mi, ọmọ kékeré ló gbé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú kí n máa mí. Ìwọ lo ni ín, gbà á." Ó na ọwọ́, Olóhùn dì í mú, obìnrin méjì tí kò mọra wọn rí.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sílé. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bá ara rẹ̀ jà. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àfi aránṣọ yẹn, ẹni tí kò mọ ilé wọn. Ìyá á máa bínú sí ọkọ tó ti kú, ọkọ tó ti kú kò sì ní í gbọ́. Ìlú á máa pe Olóhùn ní ọmọ rere tó pe bàbá rẹ̀ títí iná mànàmáná fi kú. Bó bá sì sọ̀rọ̀, á jẹ́ pé òun fi ẹnu ara òun sọ fún ìyá òun pé ohùn òun ló pa bàbá, pẹ̀lú àwọn tí bàbá mú jókòó, àti ọmọ ọwọ́ yẹn.

Ó bá ìyá rẹ̀ nínú yàrá, ó ń ká àwọn aṣọ bàbá sínú àpótí. Kò ká wọn dáadáa. Ó ń jù wọ́n sínú rẹ̀ ni.

"Wo ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kí n má fọ̀ mọ́ àwọn yòókù," ìyá wí. "Olóríkunkun. Ó wá dà báyìí?"

Olóhùn kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n—"

"Má fi ohùn iṣẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀!"

Ni ó bá sọ ọ́ ní ohùn tó kù fún un, tó ń gbọ̀n, tó ń já lójú ọ̀nà. Ó sọ nípa sípíkà tó kú. Ó sọ nípa bẹ́ǹṣì, àti etí tó dáa. "Wọn ò gbọ́ mi, Màámi. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́. Èyí tí mo fi ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó torí pé èmi ni mo sọ ọ́. Wọn kì í ṣe olóríkunkun. Èmi ni, Màámi. Èmi ni."

Ìyá kò mira. Ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olóhùn ń dúró de ìgbájú, tàbí èpè, ó tilẹ̀ fẹ́ kó wá.

"Kí ni wọ́n sọ?" ìyá béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. "Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an."

"Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bí nǹkan bá le, á sọ fún wa. Kò purọ́ fún mi rí.'"

Ìyá bá bú sẹ́kún. Ẹkún gbogbo ọjọ́ tó ti fi bínú ló sun papọ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì bojú, ó ń pe ọkọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí òun. "Wọ́n ń retí ọmọ wọn," ó ń sọ. "Wọ́n kàn ń retí ọmọ wọn ni." Ó fa orí Olóhùn mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, bí ẹni pé ọmọ náà kò sọ ìdajì kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Olóhùn fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lé òun jáde. Kò lé e.

Nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn tún kún pálọ̀. Àbúrò bàbá wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò wà níbẹ̀, àti àwọn káfíńtà tí bàbá kọ́ níṣẹ́. Ìyá jáde wá, ojú rẹ̀ ti wú, ó sì dúró sáàárín wọn.

"Ẹ ti ń gbọ́ lẹ́nu mi pé olóríkunkun ni ọkọ mi. Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe kú." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Dìde. Sọ fún wọn ohun tí bàbá ẹ sọ nípa ẹ."

Olóhùn wo ìyá rẹ̀. Kò sí ìkà kankan lójú obìnrin náà. Ó kàn ń wá orúkọ rere padà fún ọkọ rẹ̀ ni, kò sì mọ ohun tó ń béèrè. Olóhùn dìde, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì rí i bí àwọn kan ṣe ń nu ojú, tí àwọn kan sì wo òun lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kò lè wo òun mọ́. Àbúrò bàbá kó ojú sínú àtẹ́lẹwọ́.

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn tún wọlé, wọ́n dúró sí ẹ̀yìn nítorí àga ò sí mọ́. Ìyá ní kí wọ́n súnmọ́.

"Tún un sọ, ọmọ mi," ó wí. "Gbé ohùn sókè díẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn kò gbọ́."

Ọmọ náà gbé ohùn sókè, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.